Ọmọ mi tó ń wa bàálù fẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣé kó fọwọ́ sí i?

ÌyáAwakọ̀ (Ọ̀bà-Ilé)
Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ ni ilé wa wà. Láti kékeré ni ọmọ mi ọkùnrin ti máa ń sá jáde bí bàálù bá ń bọ̀, á máa juwọ́ sí i títí kò fi ní rí i mọ́. Nígbà tó tó àkókò, bàbá rẹ̀ gé lára oko kòkó tó wà lọ́nà Ìdànrè tà, òun la fi rán an lọ sí Zaria lọ kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ torí ọmọ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe eré.

Ó ti parí, ó sì ríṣẹ́. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé tó ti ń ṣe igbákejì awakọ̀ ní iléeṣẹ́ kan ní Èkó, mi ò ní dárúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n gbà á, wọ́n ní kó fọwọ́ sí bọ́ǹdì ọdún márùn-ún: bó bá kúrò kó tó pé, á san owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ní irú bàálù tiwọn padà, dọ́là ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. Náírà ni wọ́n fi ń san owó oṣù tirẹ̀, ó tún máa ń pẹ́, oṣù méjì á máa wọnú ara wọn. Rọ́sítà, ìwé tó ń sọ ìgbà tó máa ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ a ti yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí pé àwọn awakọ̀ méjìdínlógójì níbẹ̀ ń fọwọ́ síwèé láti ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bàbá rẹ̀ fárígá. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí pé awakọ̀ bàálù ń ṣe yúníọ̀nù bíi ti gáréèjì? Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo ti wọ ẹgbẹ́ olùkọ́ rí, ṣùgbọ́n ìjọba là ń bá fà á nígbà yẹn, kì í ṣe aládàáni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Jẹ́jẹ́Layé
Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Màámi, kó má fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ dá irú ẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi (kì í ṣe ti bàálù). Kí oṣù tó parí, àwọn mẹ́fà tí orúkọ wọn wà lókè ìwé ti gba lẹ́tà lọ sílé. Àwọn tó kù ní àwọn ò mọ ohun tó jọ ọ́.

Tòkunbọ̀ South Gate
Ọjọ́bọ̀, 9:41 alẹ́

Tí wọ́n bá máa ṣe é, kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ jàre, kí wọ́n má lọ wọ ẹgbẹ́ ńlá tó máa gba owó wọn jẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ní 1981, Reagan lé awakọ̀ bàálù tó lé ní 11,000 lọ sílé ní Amẹ́ríkà torí wọ́n yanṣẹ́ lódì. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì rárá. FUTA ni mo ti jáde. Ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi, ti 2022 tún gba oṣù mẹ́jọ. Kọ́ọ̀sì ọdún márùn-ún, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ọmọ Èkìmọ̀gún
Ọjọ́bọ̀, 10:37 alẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́ mà. Ọmọ Òndó ni mí, mo sì ti ń wa bàálù láti bí ọdún mẹ́rìnlá. Mo wà nílé fún ìsinmi, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ ọ́ gùn báyìí. Ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ awakọ̀ bàálù kì í ṣe ohun àná. Ní 1931 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti dá ALPA sílẹ̀ ní Chicago, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ David Behncke ló ṣáájú wọn. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dá BALPA sílẹ̀ ní 1937. Nílé wa níbí, NAAPE ni, ti àwọn awakọ̀ àti ẹnjiníà bàálù. Ìdí tí àwọn ará àtijọ́ yẹn fi kóra jọ ni pé lẹ́tà ni bàálù ń gbé kiri nígbà náà, ọ̀gá tó jókòó sílẹ̀ ló sì ń pàṣẹ pé kí awakọ̀ gbéra, òjò ì bá à ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á fún ẹlòmíràn. Àwọn tí kò kọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé.

Màámi, kì í ṣe owó oṣù ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àárẹ̀ ni. Wọ́n á ní kí ọmọ yín wà ní pápákọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú ti jí ní aago méjì kó tó lè bá a. Á lọ Àbújá, á bọ̀, á tún lọ Port Harcourt. Wọ́n á ní bàálù tó kàn bàjẹ́, kí wọ́n dúró. Wákàtí mẹ́ta lórí àga oníke, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, fóònù lọ́wọ́. Ẹnì kan á sì fẹ́ kà á sí ìsinmi fún un. Bó bá di alẹ́, ọ̀gá á wá fọwọ́ gbá a léjìká: "Àbúrò, jọ̀ọ́, bá wa gbé ti Ẹnúgu yìí lọ, ìwọ nìkan ló kù, àwọn èrò ti ń bínú." Òfin ní kò yẹ kó lọ. Ojú ara rẹ̀ gan-an ń sọ fún un pé kò yẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí bọ́ǹdì dọ́là wà lọ́rùn rẹ̀, kí ni kó sọ?

Mo ti wà nípò yẹn. Mo lọ. Bí a ṣe balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò rántí dáadáa, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí títí dòní.

Ẹni tó bá dá kọ̀, wọn kì í lé e. Rọ́sítà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á kàn gbẹ ni. Bó ò bá fò, owó wákàtí kò wọlé. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹgbẹ́ bá wà, tí wọ́n sì ti bá iléeṣẹ́ kọ àdéhùn, kì í ṣe ọmọ yín ló sọ pé òun ò lọ. Ìwé tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ló sọ ọ́.

Ẹ wo ti bàálù Colgan 3407 tó já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2009. Ènìyàn 50 ló kú, ọ̀kan nínú wọn jókòó sílé tirẹ̀ ni. Igbákejì awakọ̀ náà ti fi òru rìn láti Seattle, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè, kó tó débi iṣẹ́ ní Newark. Àárẹ̀ ló pa wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣòfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014: ìsinmi wákàtí mẹ́wàá kí awakọ̀ tó padà wọṣẹ́, mẹ́jọ nínú rẹ̀ fún oorun, kò sì gbọ́dọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ láàárín ọjọ́ 28. Àwọn ẹbí òkú àti ẹgbẹ́ awakọ̀ wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e títí ó fi di òfin.

Tòkunbọ̀, ti 1981 yẹn kì í ṣe awakọ̀. Àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ni, àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti orí ilé gogoro. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, òfin sì ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ yanṣẹ́ lódì.

Ẹnjiníà Lábẹ́-Apá
Ọjọ́bọ̀, 11:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Èkìmọ̀gún, mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣe àtúnṣe sí ti Colgan. Ohun tí ìwádìí kọ sílẹ̀ pé ó fa ìjàǹbá ni pé bàálù kìlọ̀ fún kápútẹ́nì pé eré ti kú lẹ́sẹ̀ òun, dípò kó ti imú bàálù sísàlẹ̀, òkè ló fà á sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ àárẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ṣèwádìí gan-an ò fẹnu kò lórí bó ṣe kàn án tó, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ bí ohun tó fà á. Tí a bá fẹ́ gbèjà ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ ká fi irọ́ kékeré gbè é.

Ọmọ Èkìmọ̀gún
Ọjọ́bọ̀, 11:11 alẹ́

Òótọ́ lo wí, mo gbà. "Àárẹ̀ ló pa wọ́n" yẹn ti ju bó ṣe yẹ lọ. Àtúnṣe òfin ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí màmá rí.

Alájá Bọ́ọ̀sì (Arákálẹ̀)
Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba oṣù ni gbogbo yín tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀. Èmi ní bọ́ọ̀sì méje tó ń ná Àkúrẹ́ sí Èkó. Mo kọ́ dẹ́rẹ́bà, mo san owó láísẹ́ǹsì fún un, lọ́jọ́ tó mọ̀ ọ́n wà tán, ó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Èmi ò rí ohun tó burú nínú bọ́ǹdì. Ẹni tó ní bàálù ń fi dọ́là rán wọn lọ sókè òkun lọ jókòó nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, ó ń fi dọ́là ra ẹ̀yà ara bàálù, epo rẹ̀ nìkan tó láti pa ènìyàn. Okada Air dà? Bellview dà? Chanchangi, Sosoliso dà? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ ló pa wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń mí gúlegúle ni ẹ fẹ́ jókòó lé láyà. Bó bá kú, níbo ni àwọn méjìdínlógójì náà máa lọ?

Lọ́yà Alágbàká
Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo máa ń dúró ní National Industrial Court, ẹ̀ka ti Àkúrẹ́ níbí, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí òfin wí, kí a tó máa dẹ́rù ba màmá.

Abala 40 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dárúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tààrà lára ohun tí ọmọ Nàìjíríà lè dá sílẹ̀ tàbí kó wọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2005 wá fi kún un pé ọ̀ràn ìfẹ́ inú ni: wọn ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, wọn ò sì lè fìyà jẹ ẹni tó kọ̀. Bàbá ọmọ náà kò níláti bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fipá kó ọmọ òun sínú ohun tí kò fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Tòkunbọ̀, wọn ò lè dá tiwọn sílẹ̀. Ènìyàn 50 ni òfin ní ó kéré jù kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lè forúkọ sílẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n pé 50, bí ẹgbẹ́ kan bá ti wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní forúkọ òmíràn sílẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ka lábẹ́ NAAPE ni ọ̀nà tó mọ́, ìyẹn sì dáa fún wọn, torí ẹni tó máa wá bá ọ̀gá jókòó kì í ṣe ẹni tí ọ̀gá ń sanwó fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Àwọn tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́Layé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ kanlẹ̀kùn ọ̀gá.

Ẹnì kan wà tí kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀: ọ̀gá pátápátá fún àwọn awakọ̀, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ tó sì ń báni wí. Òfin ka irú wọn sí apá kan ìṣàkóso iléeṣẹ́. Kápútẹ́nì lásán kò sí lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀gá nínú bàálù.

Mi ò ní tan màmá jẹ ṣá. Ohun tí òfin wí àti ohun tí ọ̀gá ń ṣe máa ń ya ara wọn. Wọ́n lè lé e, kí wọ́n pè é ní ìdínkù òṣìṣẹ́. Kóòtù lè dá a láre, ṣùgbọ́n ẹjọ́ lè gba ọdún méjì, mẹ́ta.

Ọmọ Èkìmọ̀gún
Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 àárọ̀

Níbi tí Lọ́yà dé yẹn ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Tíṣà tí wọ́n lé lọ́dún méjì ṣì mọ̀ ọ́n kọ́. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ kó tó lè gbé èrò. Ó gbọ́dọ̀ máa padà sínú ẹ̀rọ ìdánrawò fún ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò ara. Owó gbogbo ìyẹn, iléeṣẹ́ ló ń san án. Ẹni tó jókòó sílé fún ọdún kan, irin ń dípẹtà ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi lágbára lórí wa ju bó ṣe lágbára lórí akọ̀wé lọ. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí n sọ pé kó má dá dúró.

Tòkunbọ̀ South Gate
Ọjọ́ Ẹtì, 9:15 àárọ̀

Mo ti gbọ́ ti 1981, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì wà ńlẹ̀. Bí wọ́n bá yanṣẹ́ lódì ńkọ́? Kí ni agbára ẹgbẹ́ tí kò lè yanṣẹ́ lódì?

Ọmọ Èkìmọ̀gún
Ọjọ́ Ẹtì, 9:50 àárọ̀

Ìbéèrè gidi. Èyí tó yẹ kí o fi dẹ́rù bà wá ni ti Ọsirélíà ní 1989, ìyẹn jẹ́ ti awakọ̀ gan-an. Wọ́n béèrè àfikún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó le, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba Bob Hawke kó bàálù ológun síta fún èrò, àwọn iléeṣẹ́ gba awakọ̀ láti òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wa bàálù nílé wọn mọ́. Ẹgbẹ́ olówó, ẹgbẹ́ alágbára ni o, tó pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ṣi agbára wọn lò.

Nílé wa, àwọn òfin òfuurufú tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ti ní iṣẹ́ tó jẹ mọ́ gbígbéra àti bíbalẹ̀ bàálù jẹ́ iṣẹ́ kòṣeémánìí, wọ́n ti fòfin de ìyanṣẹ́lódì nínú rẹ̀.

Lọ́yà Alágbàká
Ọjọ́ Ẹtì, 10:08 àárọ̀

Díẹ̀ kù, ẹ̀gbọ́n. Òfin náà pè é ní iṣẹ́ kòṣeémánìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ìyanṣẹ́lódì, ohun tó wí ni pé Mínísítà lè fi ìlànà kà á léèwọ̀. "Lè" yẹn ṣe pàtàkì nílé ẹjọ́. Àmọ́ kí awakọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta má fi ara rẹ̀ dán "lè" wò o. Òfin náà kò ní kí wọ́n má ṣẹgbẹ́, kò sì ní kí wọ́n má jókòó bá ọ̀gá kọ àdéhùn.

Dèlé Dallas
Ọjọ́ Ẹtì, 1:22 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Òkè-Àró ni wọ́n bí mi sí, Amẹ́ríkà níbí ni mo ti ń tún bàálù ṣe. Àwọn awakọ̀ tibí náà kì í kàn dìde yanṣẹ́ lódì. Òfin Railway Labor Act ti 1926, tí wọ́n fà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàálù ní 1936, ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá onílàjà jókòó títí ó fi máa sú wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún fi ọgbọ̀n ọjọ́ tutù. Àwọn awakọ̀ Comair yan tiwọn lódì ní 2001, ọjọ́ 89, àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́ títí dòní torí irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Síbẹ̀, láìyanṣẹ́ lódì, àwọn awakọ̀ Delta gba àdéhùn ní 2023 tó fi 34 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn láàárín ọdún mélòó kan, àwọn iléeṣẹ́ tó kù sì ní láti sáré tẹ̀ lé e.

Ohun tí àwọn ará ilé kì í mẹ́nu bà nìyí: àìsàn. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ bàjẹ́, tí àtọ̀gbẹ mú, tí wọ́n rí nǹkan kékeré lọ́kàn rẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé tó ní àtọ̀gbẹ á máa lo oògùn, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń ní ìdáàbòbò tó ń sanwó fún ẹni tó pàdánù láísẹ́ǹsì nítorí àìlera. Kí ọmọ yín béèrè bóyá irú ẹ̀ wà nínú àdéhùn tí wọ́n fẹ́ kọ. Mo mọ ẹnì kan níbí tí ìyẹn nìkan ló fi parí ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ yàn níbí: bàálù ńlá, ìsinmi Kérésì, ìlú tó wù ú. O lè já fáfá ju ẹni tó ṣáájú rẹ lọ, wàá tò sẹ́yìn rẹ̀. Bó o bá sì fibẹ̀ sílẹ̀ lọ síléeṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú ogún ọdún rẹ, ìdí ìlà ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹdì mìíràn nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló so ó mọ́ wọn lọ́rùn ni.

Akọ̀wé Àná
Ọjọ́ Ẹtì, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà níléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ohun tí mo rí lójú mi ni mo fẹ́ sọ. Ọdún kejì, ọ̀gá gbé alága wa ga lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kẹta, ó bá a ra ọkọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí a bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù, alága á ní ká ní sùúrù, pé "àwọn ọ̀gá ń gbìyànjú". Gbogbo oṣù ni wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó wa o, ìyẹn ò ṣèèṣì yẹ̀ rí.

Màmá, mi ò ní kó má wọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un kó béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́ kó tó fọwọ́ sí i, kó mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ní báńkì, kó mọ ìgbà tí wọ́n ń dìbò. Ẹgbẹ́ tí alága rẹ̀ kò ní ọjọ́ tí á kúrò, oko olóko ni ẹ ń bá wọn ro.

Alájá Bọ́ọ̀sì (Arákálẹ̀)
Ọjọ́ Ẹtì, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Haa, òótọ́ wá jáde wàyí!

Ọmọ Oyèmẹkùn
Ọjọ́ Ẹtì, 7:30 alẹ́

Àwa ará Oǹdó kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá wa jiyàn lórí èyí. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá 2013 ni? Òkú gómìnà wa tẹ́lẹ̀ rí, Olúṣẹ́gun Àgágù, ni bàálù yẹn ń gbé bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ níbí láti Èkó. Ogún ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sáré láti gbéra ni ohùn inú bàálù ń ké "take-off flaps, take-off flaps", ìkìlọ̀ pé wọn ò to apá bàálù bó ṣe yẹ fún gbígbéra, kò dákẹ́. Igbákejì awakọ̀ ti sọ ọ́ pé bàálù náà ń lọ jẹ́jẹ́ jù. Wọ́n gbéra bẹ́ẹ̀, ó sì já. Wọ́n ń gbé òkú bọ̀ wá sin, wọ́n tún bá òkú mìíràn pàdé lójú ọ̀nà, ọmọ wa Dèjì Fálaè wà lára wọn. Bí igbákejì yẹn bá mọ̀ pé ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn òun, ṣé kò ní pariwo pé "ẹ dúró"?

Ẹnjiníà Lábẹ́-Apá
Ọjọ́ Ẹtì, 7:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa òkú wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í jókòó sínú bàálù. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: wọ́n ń kọ́ igbákejì pé bí nǹkan kò bá tọ́ kó sọ ọ́, wọ́n sì ń kọ́ kápútẹ́nì pé kó gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn igbákejì náà.

Ọmọ Èkìmọ̀gún
Ọjọ́ Ẹtì, 8:21 alẹ́

Ẹnjiníà ló jàre lórí bàálù yẹn, a ò lè fi ẹnu tẹni tó ti kú sọ̀rọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni ti ara mi: ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kọ́ mi pé kí n sọ̀rọ̀. Mo gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mí, kápútẹ́nì tó jókòó sọ́wọ́ òsì mi dàgbà ju bàbá mi lọ, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Òun náà ló sì máa kọ ìwé tó máa sọ bóyá mo yẹ fún ìgbéga. Ẹ̀kọ́ nìkan ò tó mi nígbà náà. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n pe ẹnì kan lẹ́jọ́ torí ó kọ̀ láti fò, tí ẹgbẹ́ bá a wọlé tí wọ́n sì jọ jáde, ni ohùn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

ÌyáAwakọ̀ (Ọ̀bà-Ilé)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:15 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Olúwa á gbọ́ tiyín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá létí láàárọ̀ yìí. Ibi tí Alájá Bọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, ó ní "ọkùnrin nìyẹn". Ibi tí Akọ̀wé Àná ti sọ̀rọ̀, ó dìde ó ní òun ti wí bẹ́ẹ̀.

Mo wá rán an létí àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà Ìdànrè láyé ọjọ́un. Àpò tó bá wọ̀n nílé, bó bá dé orí òṣùwọ̀n tiwọn, á ti fúyẹ́. Bó bá ráhùn, wọ́n á ní kó gbé kòkó rẹ̀ padà. Ìgbà tí òun àtàwọn àgbẹ̀ yòókù ra òṣùwọ̀n tiwọn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kòkó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n bó ṣe yẹ. Kò dá mi lóhùn. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó wọlé, ìbéèrè méjì ló bi mí, mo sì ní màá bi yín: bọ́ǹdì yẹn ńkọ́, ṣé bó bá wọ ẹgbẹ́, wọ́n lè ní kó san án lójú ẹsẹ̀? Àti pé, èló ni owó ẹgbẹ́ náà lóṣù?

Lọ́yà Alágbàká
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì ṣe máa ń rí ni pé bó bá fúnra rẹ̀ kúrò ló máa san án. Bí àwọn bá lé e, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ìwé náà la máa fi sọ ọ́. Mo fẹ́ rí i. Ohun tí màá kọ́kọ́ wá níbẹ̀ ni bóyá iye náà ń dín kù bí ọdún ṣe ń lọ. Ẹni tó ti sìn wọ́n fún ọdún mẹ́ta nínú márùn-ún kò yẹ kó san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó lò oṣù mẹ́ta. Màá tún béèrè ìwé tó fi iye tí wọ́n ná gan-an hàn. Irú nǹkan yìí gan-an ló yẹ kí ẹgbẹ́ bá wọn kọ sínú àdéhùn, torí ẹnì kan ṣoṣo kò lè jókòó síwájú wọn kó ní kí wọ́n yí i padà.

Ọmọ Èkìmọ̀gún
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bá mi kí bàbá. Ti owó ẹgbẹ́, kó béèrè ní ìpàdé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Kó má gba ti ẹnu.

Ẹ sọ fún un pé láti òní lọ, kó máa ya àwòrán gbogbo rọ́sítà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde àti èyí tí wọ́n yí padà, pẹ̀lú aago tó fi dé àti aago tó fi kúrò. Kó má tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù iṣẹ́ o, orí fóònù tirẹ̀ ni. Mo ti fi nọ́ńbà mi sínú àpótí ìkọ̀kọ̀ yín, kó pè mí lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Mò ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, aago márùn-ún ìdájí.

ÌyáAwakọ̀ (Ọ̀bà-Ilé)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí i. Bàbá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn dáadáa lọ́jọ́ Àìkú.